Èsì: Dídán àdá tí alágbẹ̀dẹ rọ wò ní oko

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní àdá tí alágbẹ̀dẹ fi sípíríǹgì ọkọ̀ rọ fún yín ti délẹ̀, ẹ wá ń bèèrè bí ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ó dára.

Irin sípíríǹgì dára fún àdá gan-an. Bí ó bá pọ́n nínú iná tí wọ́n sì rì í bọ òróró, yóò le. Àmọ́ bí wọn ò bá tún yá a níná díẹ̀ lẹ́yìn náà, kíkán ni yóò máa kán. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ kọ́kọ́ fi fáìlì fa ẹnu rẹ̀. Bí fáìlì bá ń yọ̀, ó le. Bí ó bá ń jẹ irin wẹ́rẹ́, ó rọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ wá igi dongoyaro gbígbẹ. Ní oko mi ní Kuje, lágbègbè Àbújá, mo máa ń gé e tó ogójì ìgbà, màá wá gbé ẹnu àdá sí oòrùn. Ibi tó bá ń dán yanran ti kú, kò mú mọ́. Bí ẹnu bá ká, ó rọ̀ jù. Bí ó bá kán léyín, ó le jù, ẹ dá a padà fún alágbẹ̀dẹ, ó ṣeé tún ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró kí ẹsẹ̀ yín wà lọ́nà àdá. Ẹ sì yẹ èèkù wò nígbà ọyẹ́, torí igi rẹ̀ máa ń súnkì níhìn-ín, àdá á wá máa mì lọ́wọ́.