Èsì: Rothenburg, ìlú àtijọ́ ní Germany, ṣé kí n sùn síbẹ̀ àbí kí n lọ kí n bọ̀?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sùn síbẹ̀ mọ́jú, ẹ fi ti pé ẹ fẹ́ lọ kẹ́ ẹ bọ̀ láti Nuremberg yẹn sílẹ̀, torí ọ̀sán ni bọ́ọ̀sì àwọn àlejò máa ń ya wọ̀lú, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọ̀pọ̀ wọn á ti lọ, ìgbà yẹn gan-an lẹ máa tó gbádùn ìlú náà. Ìyẹn tí owó hòtẹ́ẹ̀lì ò bá ni yín lára o. Tó bá ni yín lára, ẹ wọ reluwé ìdájí, ẹ máa sọ̀ ní ibùdókọ̀ Steinach kẹ́ ẹ wọ òmíràn.

Ọ̀fẹ́ ni orí odi ìlú, wọ́n tún kan òrùlé lé e, àmọ́ àtẹ̀gùn ẹ̀ há, ó sì ga, ẹ jẹ́ kí mọ́mì yín dúró nísàlẹ̀. Ẹ wo ara ògiri dáadáa, ẹ máa rí orúkọ àwọn tó dáwó tún un kọ́, torí bọ́ǹbù ba ibẹ̀ jẹ́ ní March 1945.

Ti ìtàn wáìnì tẹ́ ẹ bèèrè, òótọ́ ni pé ọ̀gágun Tilly gba ìlú yẹn ní 1631. Wọ́n ní ó fẹ́ run ún, ni Nusch tó ti ṣe olórí ìlú rí bá gbé ife wáìnì tó ju lítà 3 lọ, ó dà á mu láìsinmi, Tilly bá dá ìlú sí. Ti wáìnì yẹn, àlọ́ ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ẹ má torí ìyẹn kọjá ẹ̀ o! Ẹ dúró lójúde ọjà tí aago bá fẹ́ lù, fèrèsé méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago á ṣí, ère Tilly lápá kan, ti Nusch lápá kejì tó ń gbé ife sẹ́nu. Láti aago 10 àárọ̀ ni, wákàtí wákàtí.