Jíà wo ló yẹ kí n fi gun òkè Ẹ̀fọ̀n?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Lágeré, ní Ilé-Ifẹ̀, ni mo ń gbé. Mo ra Celica GT-S tòkúnbọ̀ ti ọdún 2003, mánúwà oníjíà mẹ́fà. Ọkọ̀ ọ́tò ni mo ti ń wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ní Golf GTI sọ fún mi pé kí n má ṣe jẹ́ kí aago RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) kọjá 2,500, kí n máa tètè yí jíà, ó ní epo ò ní jó, ẹ́ńjìnnì á sì pẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gba Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì. Nígbà tí mo dé àwọn òkè tó wà lẹ́yìn Ìwárájà, tí wọ́n ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, jíà karùn-ún ni mo wà. Mo tẹ tótù mọ́lẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ ń gbọ̀n, kò gùn. Mo tún kíyè sí i pé bí mo bá jẹ́ kó dé 6,500 ní jíà kejì, tí mo wá yí i sí ìkẹta, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan fà á sẹ́yìn. Ṣé ẹ́ńjìnnì tó ti kú ni wọ́n tà fún mi ni? Jíà wo ló yẹ kí n máa wà, nígbà wo?

ÌDÁHÙN

Àbúrò, o kú oríire ọkọ̀, wàá lò ó pẹ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀: nínú gbogbo ohun tí o kọ yìí, kò sí èyí tó fi hàn pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Jíà tí o fi gun òkè ni kò tọ́. Ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ rẹ náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ Golf tirẹ̀ ló bá mu.

Golf GTI, irú ti 2006, ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì. Láti nǹkan bíi 1,800 lórí aago RPM ni ipá rẹ̀ ti pé 280 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí), ó sì máa ń dúró bẹ́ẹ̀ títí dé 5,000. Ẹni tó ń wà á lè wà ní jíà kẹfà ní 2,000, kó tẹ tótù, ọkọ̀ á sì lọ. Celica tìrẹ kò ní tọ́bò. Ẹ́ńjìnnì 1.8 tí Toyota àti Yamaha jọ ṣe ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ipá tó ní kò ju bíi 180 Nm lọ, ó sì di orí 6,800 kó tó pé. Agbára ẹṣin 180 tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀, orí 7,600 ni wọ́n ti kà á. Ní 2,000, ọkọ̀ rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ju Corolla lọ, mi ò sì sọ ọ́ láti bú u.

Ohun tí jíà ń ṣe ni pé ó ń sọ ipá tó ti inú ẹ́ńjìnnì wá di púpọ̀ kó tó dé táyà, eré ló sì fi ń san án. Nínú gíábọ́ọ̀sì rẹ, jíà kẹta jẹ́ 1.481, ìkarùn-ún jẹ́ 0.916. Bí táyà bá rí 10 gbà ní jíà karùn-ún, á rí ju 16 lọ ní ìkẹta, kí ẹ́ńjìnnì má tíì ṣe ju bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wá fi èyí wo òkè rẹ. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan (orí táyà 205/50R16 ni mo fi ṣírò), RPM á wà ní bíi 2,200 ní jíà karùn-ún, 2,800 ní ìkẹrin, 3,500 ní ìkẹta, 4,900 ní ìkejì. Ìwọ wà ní 2,200, níbi tí ẹ́ńjìnnì yìí kò ti ní nǹkan kan lọ́wọ́, o wá ní kó ru ọkọ̀, ẹrù àti ara rẹ gun òkè. Kí ló fẹ́ fi rù ú?

Gbígbọ̀n tí ọkọ̀ ń gbọ̀n yẹn gan-an ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ju igbe ẹ́ńjìnnì lọ. O ti ṣí tótù tán, afẹ́fẹ́ àti epo ń rọ́ wọlé, síbẹ̀ kíránkì, irin tí àwọn písítìn ń yí, ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Gbogbo ìgbà tí epo bá gbiná, ó ń gbá písítìn wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, kíránkì ò sì yára kúrò níbẹ̀. Lórí RPM kékeré bẹ́ẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù kì í ti ọ́ìlì gidigidi, béárìn ló wá ń jẹ ìyà ọ̀rọ̀ náà. Bí ooru bá tún mú, epo lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná ní àìtásìkò. Wàá gbọ́ ìró bí ìgbà tí èèyàn ń mi ìṣó nínú agolo. Bí o bá gbọ́ ọ, gbé ẹsẹ̀ sókè lórí tótù lójú ẹsẹ̀, kí o sì padà sí jíà tó kéré. RPM kékeré máa ń mú ẹ́ńjìnnì pẹ́ nígbà tí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀. Tí o bá ti tẹ tótù dé ilẹ̀, ẹrù ti wà níbẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, lójú òkè Ẹ̀fọ̀n, jíà kẹta ni tìrẹ. Ìgbà tí o bá rí òkè níwájú ni kí o ti bọ́ sí i, má dúró di ìgbà tí eré bá ti lọ tán, torí eré tí òkè bá ti gbà lọ́wọ́ rẹ, wàhálà ni kí o tó gbà á padà. Bí tírélà bá sì há ọ mọ́ ẹ̀yìn ní 50, jíà kejì. Á wà ní bíi 4,100 níbẹ̀, yóò sì ní ohun tó máa fi jáde bí ojú ọ̀nà bá ṣí sílẹ̀ tí kò sí kọ́nà níwájú. Má bẹ̀rù igbe rẹ̀. Wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yìí kó máa yí débi tí pupa ti bẹ̀rẹ̀ lórí aago, ìyẹn 7,800.

Ìbéèrè rẹ kejì, ti fífà sẹ́yìn, dùn mọ́ mi, torí ọ̀pọ̀ tó ní Celica yìí ni kò mọ̀ ọ́n. Kámù inú ẹ́ńjìnnì rẹ, irin tó ń yí tó sì ń ṣí fáfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ní ojú méjì. Èyí tó kéré ló ń ṣí fáfù láti ìsàlẹ̀. Tí RPM bá ti kọjá bíi 6,000 sí 6,200, kọ̀ǹpútà á fi títì ọ́ìlì gbé e bọ́ sórí ojú ńlá, fáfù á wá ṣí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohùn á yí padà, ọkọ̀ á já lọ. Nígbà tí o yí jíà ní 6,500, ìkẹta bọ́ sí bíi 4,700. O ti jábọ́ kúrò lórí ojú ńlá nìyẹn, ló ṣe dà bíi pé wọ́n fà ọ́. Kódà tí o bá dúró de 7,800, 5,600 ni ìkẹta máa bọ́ sí, kò ṣì ní dé ibẹ̀. Àlàfo láti ìkejì sí ìkẹta ni Toyota fi sílẹ̀ fẹ̀ jù, lójú tèmi. Láti ìkẹta sí ìkẹrin, 7,800 á bọ́ sí bíi 6,100, ibẹ̀ ni kò ti ní fi bẹ́ẹ̀ hàn ọ́. Àmọ́ ìkẹta ní 7,800 ti kọjá 130, òfin ojú pópó wa sì ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má kọjá 80 lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ohùn yẹn lo fẹ́ gbọ́, jíà kejì máa fún ọ ní bíi 76. Má dán an wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù o. Kọ̀ǹpútà pàápàá ò ní gbà. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa tí ohùn ò sì yí padà, wo ọ́ìlì lára ọ̀pá rẹ̀ kí o tó ṣe ohunkóhun. Bí ọ́ìlì bá pé, kí mẹkáníìkì tú ìdérí òkè, kó wo bóòtì kéékèèké tó di ọ̀pá àwọn apá kámù mú. Wọ́n máa ń kán lára irú ẹ́ńjìnnì yìí.

Láàárín ìlú, gbọ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lágeré tàbí ìdí ààfin Ọwá ní Iléṣà níbí, kò sí ohun tí o fẹ́ fi 5,000 ṣe. Yí jíà ní 2,500 sí 3,000, fi ẹsẹ̀ rọra tẹ tótù, epo ò ní jó. Lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, níbi tó bá tẹ́jú ní ìhà Òṣú, bí o bá ń sá 80, jíà karùn-ún á wà ní bíi 2,900, ìkẹfà ní 2,300. Méjèèjì dára tí o kò bá ní fẹ́ ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ní ìsọ̀kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fírí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa gbà pé tí jíà bá wà ní fírí, epo ò ní jó. Lára ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń fún lépo, bí o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tótù tí jíà sì wà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà á dá epo dúró pátápátá, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Fírí ni epo ti ń jó, torí ẹ́ńjìnnì ní láti máa jó epo kó má baà kú. Pabanbarì ibẹ̀ ni bíréèkì: ní fírí, bíréèkì nìkan ló ń dá gbogbo ọkọ̀ dúró, yóò gbóná, kò sì ní mú mọ́. Jíà tí o fi gun òkè Ẹ̀fọ̀n náà ni kí o fi sọ̀ ọ́.

Bí o bá ń padà sí jíà tó kéré, parí rẹ̀ kí o tó wọ kọ́nà. Kí o tó tú kílọ́ọ̀ṣì, fi ẹsẹ̀ ta tótù díẹ̀ kí RPM gòkè lọ pàdé rẹ̀. Láti ìkẹrin sí ìkejì ní 60, ó ní láti gòkè láti 2,800 dé 4,900. Bí o bá kàn tú kílọ́ọ̀ṣì lójijì, táyà iwájú ló máa fà á sókè tipátipá, àwọn táyà yẹn náà ló sì ń darí ọkọ̀. Tí òjò bá rọ̀, á yọ̀ ọ́ lọ sí igbó.

Èyí tó ń pa ẹ́ńjìnnì yìí jù wà níbẹ̀ náà. Tí o bá tẹ tótù kọjá pupa, kọ̀ǹpútà á gé epo, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí jíà bá ṣi ọ̀nà, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè gbà ọ́. Ká ní o wà ní ìkẹta ní 7,000, o fẹ́ lọ sí ìkẹrin, o sì fa ọ̀pá jíà sọ́dọ̀ ara rẹ bí o ṣe ń fà á sẹ́yìn: ìkejì lo bọ́ sí, ẹ́ńjìnnì á sì fò lọ sí bíi 9,700. Pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yìí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ti fọ́, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì nìyẹn. Má di ọ̀pá jíà mú bí ẹni di àdá mú. Fi orí ìka fà á sẹ́yìn tààrà, sípíríǹgì inú rẹ̀ á gbé e sí àárín fúnra rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rù tó ń bà ọ́, kí o padà sí òkè yẹn ní jíà kẹta, ní 3,500, kí o sì wo aago méjèèjì. Bí RPM àti eré bá jọ ń gòkè, kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Bí RPM bá fò sókè tí eré kò tẹ̀ lé e, kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán, ẹni tó tà á fún ọ sì lè ti mọ̀. Bí RPM pàápàá bá kọ̀ tí kò gòkè, jẹ́ kí mẹkáníìkì wọn kọ̀ǹpíréṣọ̀n (bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó) sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o kọ ohun tó bá rí ránṣẹ́ sí mi.