Fífa ìka kó dún kì í fa làkúrègbé

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ máa ń fa ìka yín kó dún, wọ́n sì ń fi làkúrègbé dẹ́rù bà yín. Ẹ fọkàn balẹ̀. Eegun kọ́ ló ń gbo ara wọn. Omi kan wà nínú oríkèé ìka, ó ń yọ̀, ó sì ń fà bí funfun ẹyin. Bí ẹ bá fa ìka, àyè ibẹ̀ á fẹ̀ lójijì, afẹ́fẹ́ tó ti yòrò sínú omi náà á kóra jọ, ẹ ó sì gbọ́ "kọ́!" Ẹ tún ìka kan náà fà lójú ẹsẹ̀, kò ní dún, àfi bí nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú bá kọjá.

Dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Donald Unger, fi 50 ọdún fa ìka ọwọ́ òsì rẹ̀, kò sì fa tọ̀tún. Ó kọ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1998: kò sí làkúrègbé ní ọwọ́ kankan. Ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn lóòótọ́, àmọ́ àyẹ̀wò táwọn mìíràn ṣe fún ọ̀pọ̀ èèyàn náà ò rí i pé fífa ìka ń fa làkúrègbé.

Ṣùgbọ́n bó bá ń dùn yín, tàbí tí oríkèé wú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fà á mọ́, ẹ lọ rí dókítà.