Ìbéèrè Yín: Kòkòrò àti Porsche 917
Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni pé kòkòrò ló tú àṣírí àléébù ọkọ̀ ìje Porsche 917?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Nígbà tí ọkọ̀ Jámánì yìí jáde ní ọdún 1969, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ onísílíńdà 12 lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti ń sáré àsápajúdé, ìdí rẹ̀ a máa fì, débi pé ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn awakọ̀ gan-an. Níbi ìdánwò kan ní Zeltweg, lórílẹ̀-èdè Austria, lọ́dún náà, ẹnjiníà John Horsman ṣàkíyèsí pé òkú kòkòrò lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ náà káàkiri, àmọ́ kò sí lára ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tó yẹ kí afẹ́fẹ́ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ìdí ọkọ̀ má bàa fì, èyí tó fi hàn pé afẹ́fẹ́ kò kàn án. Wọ́n fi páànù gbé ìdí ọkọ̀ ga kí afẹ́fẹ́ lè kàn án, ó sì dúró ṣinṣin. Ní 1970, Hans Herrmann àti Richard Attwood fi ọkọ̀ náà borí ní Le Mans, ìdíje ọkọ̀ oníwákàtí 24 nílẹ̀ Faransé.