Ṣé Ẹ̀wọ̀n ni Ilé Òtòṣì Ayé Ọbabìnrin Victoria?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni mo ń gbé. Ọmọ ọmọ mi ní láyé Ọbabìnrin Victoria, òtòṣì tó bá ti wọ ilé tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ bọ́ àwọn aláìní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tún lè jáde láàyè. Mo bá a jiyàn, ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀rí. Ṣé òfin gbà kí wọ́n ti ènìyàn mọ́lé bẹ́ẹ̀? Bàbá àgbà, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ̀yin lẹ jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọmọ náà rí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Lábẹ́ òfin òtòṣì ti ọdún 1834, àgbàlagbà tó bá fẹ́ lọ kàn ní láti sọ fún ọ̀gá ilé ṣáájú ni, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n sì sábà máa ń kà sí àsìkò tó tó.

Aṣọ ni ìṣòro. Lọ́jọ́ tí òtòṣì bá wọlé, wọ́n á bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á dì í tòun ti orúkọ rẹ̀ lára, wọ́n á gbé e pamọ́, wọ́n á sì wọ aṣọ ilé fún un. Bó bá wọ aṣọ ilé yẹn sá lọ, olè ni lójú òfin, adájọ́ sì lè rán an lẹ́wọ̀n. Nítorí náà, ó di dandan kó dúró de ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Baálé ilé tó bá sì ń lọ, tìyàwó tọmọ ni yóò kó dání. Èyí ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí níbo ni ẹni tí kò nílé, tí ọmọ wẹ́wẹ́ rọ̀ mọ́ lọ́wọ́ lọ́tùn-ún lósì, yóò ti ráyè wáṣẹ́?

Lọ́dún 1871, òfin tuntun fún àwọn alábòójútó láṣẹ láti dá ẹni tó fẹ́ lọ dúró fún wákàtí 24, ó lè di 48 bó bá ti jáde ṣáájú láàárín oṣù kan, àti 72 bó bá ti jáde ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láàárín oṣù méjì. Ẹ rí i pé bí ẹnikẹ́ni kò bá lè jáde ni, kí ni wọn ìbá tún máa ṣòfin lé àwọn tó ń jáde lemọ́lemọ́ lórí sí? Alárìnkiri tó kàn wá sùn ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le jù: òfin ọdún 1882 ní kò gbọdọ̀ lọ ṣáájú aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì lẹ́yìn ọjọ́ tó dé, kò sì gbọdọ̀ lọ láìtíì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un tán, bíi fífọ́ òkúta.

Ẹni tó ní àrùn tó ń ràn, bí dókítà ilé bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n wèrè tó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 14 lọ níbẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 mọ́ inú yàrá òkùnkùn tàbí kí wọ́n tì í mọ́lé lóru. Ọ̀gá tó bá ré kọjá ààlà wọ̀nyí, òfin kò sí lẹ́yìn rẹ̀, ó ti fi ipá dá ènìyàn dúró nìyẹn.

Ní ti ẹ̀rí, ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí nígbà ìwọlé àti nígbà ìjáde ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìkówèé-ìtàn-pamọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ṣí i wò: orúkọ ẹnì kan náà ni yóò bá nínú rẹ̀ léraléra, ó wọlé, ó jáde, ó tún wọlé.