Ọwọ́ òsì, ilé bàbá ẹni, àti ìtàn ayé tí ń bọ̀

Ìbéèrè yìí ti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ó kọ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì kan nípa ìlú tí àwọn ènìyàn tẹ̀ dó sí orí òṣùpá, ó sì kà á fún bàbá rẹ̀ àgbà. Nígbà tí bàbá gbọ́ ọ tán, ó béèrè orúkọ ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ òfurufú, orúkọ òyìnbó ni. Ó béèrè orúkọ dókítà, òyìnbó náà ni. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó ń jẹ́ orúkọ Ẹ̀gbá nínú ìtàn náà ni Ṣódípọ̀, olè tí ó ń jí epo ọkọ̀ tà. Bàbá ní, “Ọmọ àlè ní í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀,” ó sì dìde. Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ yìí wọra. Ó fẹ́ mọ ohun tí òwe náà túmọ̀ sí gan-an, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí bàbá ń sọ ni pé ènìyàn kò gbọdọ̀ kọ ohun tí kò dára nípa ìran rẹ̀.

Òwe yìí kò sọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ bàbá kò ṣì í pa. Nílẹ̀ Yorùbá, a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan, a kì í sì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ òsì ni a fi ń ṣe iṣẹ́ ìdọ̀tí. Ọmọ tí ó bá gbàgbé, ìyá rẹ̀ yóò gbá a lọ́wọ́ kí ó tó sọ ohun tí ó ṣe fún un. Nítorí náà, bí àlejò bá wọ ìlú tí ó ń béèrè ilé lágbájá, tí ọmọ ilé náà gan-an wá na ọwọ́ òsì sí i, àlejò yóò ti mọ̀ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà pé ilé náà kò níyì lójú ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ ni òwe náà ń bá wí, kò bá ilé wí. Ilé bàbá ẹni lè máa jò, ògiri rẹ̀ lè ti lanu, ọmọ ilé sì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó júwe rẹ̀ bí ẹni tí kò ní ohunkóhun ṣe níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òwe fi lo ọ̀rọ̀ líle bí ọmọ àlè. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bú, ìwà rẹ̀ ni ó jọ ti ẹni tí kò ní ìpín nínú ilé. Kí n fi èyí kún un, níwọ̀n bí ìbéèrè ti wá láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá: láàárín àwọn Ògbóni, ọwọ́ òsì ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀, òun ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Ọwọ́ náà kò burú fúnra rẹ̀. Ìlò rẹ̀ ní gbangba, lójú àlejò, ni òwe ń sọ.

Ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì gan-an, ìjúwe ilé ni: ilé tí a kò tíì kọ́ ni ó ń júwe. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ ń sọ ẹni tí yóò gbé ibẹ̀, ẹni tí yóò máa pàṣẹ àti ẹni tí yóò máa gbálẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń kọ ọ́ àti àwọn tí ń tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà, ènìyàn dúdú kò sì sábà rí àyè nínú ayé tí wọ́n ń júwe. Samuel Delany, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí ó kọ Nova ní 1968, sọ pé nígbà tí wọ́n gbé ìwé náà lọ fún John W. Campbell, olóòtú Analog, ìwé àtìgbàdégbà tí ń tẹ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, ó kọ̀ ọ́, ó ní òun kò rò pé àwọn òǹkàwé òun lè bá akọni aláwọ̀ dúdú lọ. Ní 1966, Nichelle Nichols, òṣèré obìnrin aláwọ̀ dúdú, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Uhura nínú Star Trek, eré tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn tí ń fi ọkọ̀ rìn láàárín àwọn ìràwọ̀. Nígbà tí ó fẹ́ fi eré náà sílẹ̀, Martin Luther King, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ ni ó rọ̀ ọ́ pé kí ó dúró, nítorí ó rí i pé ìjókòó obìnrin dúdú kan nínú ọkọ̀ yẹn ju eré lọ. Mae Jemison, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé gbalasa òfurufú, ní 1992, kò fi pamọ́ pé Uhura wà lára ohun tí ó fún òun ní ìmísí.

Èyí tí ó sún mọ́ Abẹ́òkúta jù ni District 9, fíìmù tí ó jáde ní 2009, nípa àwọn ẹ̀dá ayé mìíràn tí ọkọ̀ wọn dúró sí ojú sánmà Johannesburg. Ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni fíìmù náà fẹ́ bá wí, nítorí bí wọ́n ṣe há àwọn ẹ̀dá náà mọ́ inú àgọ́ ń rán ni létí ohun tí ìjọba aláwọ̀ funfun fi ojú àwọn ènìyàn dúdú rí ní South Africa. Síbẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà inú rẹ̀ jẹ́ jàǹdùkú tí ń ṣòwò ìbọn, tí wọ́n sì ń jẹ ẹran ara àwọn ẹ̀dá náà kí wọ́n lè ní agbára. Orúkọ ọ̀gá wọn ni Obesandjo. Ọmọ Abẹ́òkúta wo ni yóò gbọ́ orúkọ yẹn tí kò ní rántí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó fi ipò ààrẹ sílẹ̀ ní 2007? Dora Akunyili, mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, ní kí àwọn ilé sinimá má ṣe fi í hàn mọ́, ó sì ní kí ilé iṣẹ́ Sony tọrọ àforíjì. Ó dùn mí ju bí ì bá ti dùn mí lọ, nítorí àwọn tí ó ṣe é mọ bí ìyà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣe rí. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ṣùgbọ́n Ṣódípọ̀ tiyín ńkọ́? Olè kan náà ni. Àjèjì ni ó kọ́kọ́ yà á, ẹ̀yin wá gbé e wọ inú ìtàn yín, ẹ sì fún un ní orúkọ tí wọ́n ń pè ní àdúgbò yín. Mo gbà pé ohun tí bàbá rí nìyẹn. Àìsí ẹlòmíràn tí ó jọ wá nínú ìlú orí òṣùpá náà ni ó bí i nínú, kì í ṣe olè jíjà.

Ní ti apá kejì ìbéèrè yín, ó yẹ kí a ṣọ́ra, nítorí irú ẹ̀bi yìí ni wọ́n dá Amos Tutuola, ẹni tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1920. Nígbà tí ìwé rẹ̀ The Palm-Wine Drinkard jáde ní London ní 1952, inú bí púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dára, wọ́n sì ní iwin àti òrò inú rẹ̀ yóò mú kí òyìnbó máa fojú ẹni ẹ̀yìn wò wá. Lójú wọn, ó ti fi ọwọ́ òsì júwe ilé. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ kejì, ti 1954, abo iwin kan tí egbò bo ara rẹ̀ ní tẹlifíṣọ̀n ní àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ tí ó sọnù sínú igbó wo ọwọ́ náà, ó rí ìlú rẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ mọ ewé tí a fi ń wo egbò. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1959, ni tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ tuntun lé ọwọ́ iwin, tí ó sì jẹ́ kí ewé ìyá jẹ́ oògùn rẹ̀, kò ka ilé bàbá rẹ̀ sí ohun àtijọ́ tí kò ní ipa nínú ayé tí ń bọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí olè tí wọ́n júwe bí ó ti yẹ, ẹ ka Rosewater tí Tade Thompson kọ, èyí tí ó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Nàìjíríà ọdún 2066 ni ó ti ṣẹlẹ̀. Kaaro, ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí, ti jalè rí, ó sì ní ìwàkíwà mìíràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n a gbọ́ ohun tí ó ń rò, a mọ ilé tí ó ti jáde, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n yí i ká kò sì jọ ara wọn. Ṣódípọ̀ lè máa jí epo lọ bí ìtàn bá nílò olè. Ẹ sáà fún òun náà ní ìyá àti ìdí tí ó fi ń jalè, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ Ẹ̀gbá mìíràn wà nínú ọkọ̀ náà tí ó lè mú un.