Èsì: Má bá a gbé gàrí yẹn

O kú ìpalẹ̀mọ́, àbúrò mi. Má gbà á. Obìnrin tí ẹ kàn jọ wọkọ̀ láti Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, tó ní kí o bá òun gbé àpò gàrí dé Lọ́ńdọ̀nù, o ò mọ̀ ọ́n.

Gàrí Ìjẹ̀bú ò ní wàhálà. Ohun tó lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n lè bi ọ́ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà bóyá ìwọ fúnra rẹ lo di ẹrù rẹ. Bí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Nàìjíríà, bá bá a níbẹ̀, orúkọ tìrẹ ló wà lára báàgì. Obìnrin yẹn á ti sùn sílé rẹ̀.

Àfi bó bá jẹ́ ẹni tí o mọ ilé rẹ̀, tí ẹbí yín mọra. Síbẹ̀, da gàrí náà sínú ọpọ́n, fọwọ́ tú u délẹ̀, kí o sì tún un dì fúnra rẹ.

O tún béèrè bóyá kó o sá fún gbogbo èèyàn ní Heathrow, pápákọ̀ òfurufú Lọ́ńdọ̀nù. Rárá, má sá fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ ni kó o bi lọ́nà. Yàtọ̀ sí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àti aṣọ́bodè, má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní páálí ìrìnnà rẹ. Kọ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ sórí bébà pẹ̀lú, torí fóònù lè kú.